Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò iná táwọn ilé kéékèèké ẹ̀gbẹ́ tírénì HO ń jẹ kẹ́ ẹ tó ra adápítà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to tírénì HO sílé, èyí tí wọ́n ṣe kéré sí ojúlówó lọ́nà 87, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí iná máa tàn nínú àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ẹ má tíì ra adápítà o. Iye ilé kọ́ la máa kà, iye kọ́réǹtì tí iná kọ̀ọ̀kan ń jẹ ni.

Ẹ mú bébà. Ká ní ilé mẹ́wàá ń lo LED, mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn 30. LED funfun lè jẹ 20mA (1000mA ló jẹ́ 1A, ìyẹn áńpíà kan), ṣùgbọ́n 10mA ti tó, torí fèrèsé tó bá mọ́lẹ̀ jù kì í jọ ilé téèyàn ń gbé. 30 lọ́nà 10 jẹ́ 300mA. Ilé àtijọ́ mẹ́rin wá ń lo gílóòbù 12V, méjì méjì, tí páálí ẹ̀ kọ 60mA: 8 lọ́nà 60 jẹ́ 480mA. Ẹ rí i báyìí, gílóòbù mẹ́jọ péré jẹ ju 30 LED lọ! Tí páálí bá ti sọnù, ẹ fi mítà wọn ẹyọ kan. Gbogbo ẹ̀ 780mA.

Adápítà tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó máa ń gbóná, torí náà ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, ó di 975mA. 1A á gbé e, àmọ́ 12V DC 2A ni kẹ́ ẹ rà, torí ẹ ṣì máa kọ́ ilé sí i.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé 2A á jó LED. Irọ́ ni, ohun tí iná bá nílò nìkan ló ń fà, V, ìyẹn fóltéèjì, ló gbọ́dọ̀ bára mu. Ohun tó ń jó LED ni kẹ́ ẹ so ó mọ́ 12V láìsí rẹsísítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín kọ́réǹtì kù. LED funfun ń gba bíi 3V, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 12, ó ku 9, ẹ pín 9 sí 0.010 (ìyẹn 10mA tá a bá fi A kà á), ó jẹ́ 900 ohm, ìwọ̀n rẹsísítọ̀ tẹ́ ẹ nílò nìyẹn, ẹ lo 1000 tó wà lọ́jà, ¼W ti tó. Tẹ́ ẹ bá so mẹ́ta tẹ̀léra sórí rẹsísítọ̀ 330 kan, nǹkan bíi 9mA ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa jẹ, ilé mẹ́wàá ò ní dé 100mA, àmọ́ tí ọ̀kan bá kú gbogbo ilé náà ṣókùnkùn nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń lo DCC, ìyẹn ètò tó ń fi àmì díjítà darí tírénì gba ojú irin, ẹ má fa iná ilé látojú irin rárá, ẹ jẹ́ kí tírénì ní agbára tiẹ̀.