Bí mo ṣe yan àlíbọ́ọ̀mù tí ọmọ mi ń kó kọ́ìnì ẹ̀ sí

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ń kó kọ́ìnì jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó lórí àlíbọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ́kọ́ wo irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù nígbà tí mò ń wá ibi tí ọmọbìnrin mi máa kó tiẹ̀ sí, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán lọ́jà ló dáa fún owó.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló kó owó àtijọ́ fún un nínú agolo mílíìkì, ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ ìgbà òyìnbó tó ní ihò láàárín, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, wọ́n pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ kọ́bọ̀ ayé Gowon. Bùrọ̀dá mi tó wà ní London náà, tó bá ti wálé wá ṣe Ojúde Ọba, owó wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ló máa ń kó sí i lọ́wọ́, 50 pẹ́ńsì tó ní ẹ̀gbẹ́ méje àti pọ́n-ùn kan tó ní ẹ̀gbẹ́ méjìlá. Nínú agolo yẹn ṣá, ńṣe ni wọ́n ń ha ara wọn lára, ọmọ náà sì máa ń da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí ẹyọ kan tó fẹ́ fi han ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Àlíbọ́ọ̀mù fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí mi ní ọjà Òkè Ajé. Àpò ẹ̀ ti tóbi jù, kọ́ìnì á máa yọ́ kiri nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n dá a padà, ó ń rùn bíi bàtà rọ́bà tuntun. Rọ́bà tó rọ̀ tó sì ń rùn báyẹn, PVC ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá pẹ́, pàápàá nínú ooru tiwa níbí, PVC máa ń tú asíìdì jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wá rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń lẹ̀ mọ́ owó lára, ó sì máa ń jẹ ẹ́, èyí tó bá ní bàbà nínú ló sì ń tètè mú. Ẹ wá wò ó, owó bàbà ló pọ̀ jù nínú tiwa! Tí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́ta lára rọ́bà náà, tó bá jẹ́ 3 ló wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. 1 àti 5 dáa, wọn kì í tú asíìdì yẹn.

Èyí tí kò ní nọ́ńbà ńkọ́? Ìdánwò kan wà tí mo ṣe fúnra mi. Mo fi píláyà di wáyà bàbà tí wọ́n ti bó mú, mo fi sínú iná gáàsì títí tó fi pọ́n, mo wá fi kan etí rọ́bà náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, mo dá a padà sínú iná. Tí iná bá yí sí àwọ̀ ewé, PVC ni. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, ẹ má fa èéfín ẹ̀ símú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú páálí kan tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, wọ́n kọ ọdún sábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ọmọ á kàn fi àtàǹpàkò ti owó wọlé. Ó dùn ún lò fún ẹni tó ń kó oríṣi kan péré, bíi kọ́tà, ìyẹn owó 25 sẹ́ǹtì, ti ìpínlẹ̀ 50 tí wọ́n ṣe láti 1999 dé 2008. Àmọ́ ẹ̀yìn owó ò ní hàn, tiwa sì jẹ́ oríṣiríṣi, n ò rí irú ẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ṣílè àti kọ́bọ̀ wa. Ike líle kékeré tó ń dé mọ́ owó náà wà, òun ló dáàbò bò ó jù, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀, owó ẹ̀ sì ń yára gun òkè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo rà, fún ọ̀nínì Màmá àti èyí tó ṣì ń dán.

Ohun tí mo wá mú ni káàdì onífèrèsé. Páálí funfun ni, tí ẹ bá pa á dé, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ ínṣì méjì sí méjì, ó ní fèrèsé roboto láàárín tí wọ́n fi Mylar, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara, ṣe, ojú àti ẹ̀yìn owó á sì máa hàn láìfọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ fún ọmọ gan-an nìyẹn, torí ọmọ tí kò bá lè yí owó ẹ̀ wò máa yọ ọ́ jáde ni, ẹ ò lè ṣọ́ ọ tán. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ni fèrèsé ẹ̀ ní, 20 mílímítà, 22.5, 25, 27.5, 30, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó ra á kí ẹ fi rúlà wọn owó yín, kí fèrèsé fi díẹ̀ tóbi ju owó lọ. Kọ́bọ̀ oníhò fẹ̀ gan-an, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀.

Èyí tó ní gọ́ọ̀mù wà, èyí tí wọ́n ń fi sítépúlà pa wà. Onígọ́ọ̀mù yá fún ọmọ, àmọ́ mi ò fọkàn tán gọ́ọ̀mù nínú ooru yìí, sítépúlà ni mo lò. Ọmọ ló ń kọ orúkọ owó àti ọdún ẹ̀ sára páálí kí owó tó wọlé, kí bírò má baà tẹ̀ ẹ́, ó ń di owó mú létí, èmi ń pa sítépúlà, mo sì ń fi píláyà tẹ ìdí pín-ìnnì kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ kó má baà ha èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ojú ewé tó ní àpò 20 la wá kó wọn sí. Ẹ kíyè sí ihò o! Fáìlì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé níbí, òrùka méjì ló ní, ojú ewé tó ń ti Amẹ́ríkà wá sì máa ń jẹ́ ti òrùka mẹ́ta, wọn ò ní wọ ara wọn. Ẹ wá èyí tí wọ́n lu ihò púpọ̀ sí létí, kí fáìlì náà sì nípọn, torí owó wúwo.

Bí ayé ṣe ń yí la ṣe tò ó. Owó oníhò ìgbà òyìnbó ló ṣíwájú, ti 1959 tó ní orí Queen tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ẹ̀ kọ́bọ̀ 1973, náírà kan ti 1991 tó ní Herbert Macaulay, ká tó dé náírà méjì 2006 tó ní àwọ̀ méjì. Ọmọ náà bi Màmá pé kí ló dé tó ń pe 10 kọ́bọ̀ ní ṣílè, Màmá ní nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó lọ́jọ́ kìíní January 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ẹnu wọn ò kàn yí padà ni.

Wọ́n gbà wá níyànjú pé ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n kí wọ́n dán, mo kọ̀ jálẹ̀. Asíìdì ọsàn máa ń bó ojú owó ni, àwọn tó mọyì owó àtijọ́ kì í sì fẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀. A ju àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú àpótí tí fáìlì wà, nítorí òjò, a sì gbé e sókè torí àbúrò ẹ̀ ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọnu.

Ààbọ̀ kọ́bọ̀ 1973 la ò tíì rí. Ẹni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ, ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀, kọ́bọ̀ kan ọdún yẹn pọ̀ lọ́wọ́ wa.