Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé ìdáná sẹ́yìn ilé Àgùdà l'Ájàṣẹ́

Ẹni tó bá ti rìn ní àdúgbò àtijọ́ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) á ti rí àwọn ilé Àgùdà, èyí tí àwọn tó ti Brazil padà dé àtàwọn ọmọ wọn kọ́, amọ̀ pupa ni ògiri ẹ̀, fèrèsé onípákó, òdòdó tí wọ́n fọwọ́ yọ sórí òpó. Mọ́sálásí ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí àlejò máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì, irú iṣẹ́ yẹn náà ni. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ là ń gbé, a sì pọ̀ ju yàrá lọ, la bá ní ká kọ́ ilé ìdáná àti ilé ìgbẹ́ sẹ́yìn.

Ẹbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ o. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹ pe ìpàdé, ẹ kọ ọ́ síwèé, kí kálukú fọwọ́ sí i, títí kan àwọn tó wà ní Kùtọnu àti Èkó, torí ẹni tí kò sí ńlé ló máa ń bínú jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, lọ kẹ́ ẹ tó ra síménì kankan. Ẹ béèrè bóyá ilé yín wà lára èyí tí ìjọba ń dáàbò bò, torí òfin wà lórí ẹ̀, tuntun ẹ̀ jáde ní 2021, tó bá wà lára ẹ̀, àṣẹ ìkọ́lé lásán ò tó, àwọn tó ń mójú tó ohun àjogúnbá náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ dání, ẹ ya fọ́tò ilé ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ayàwòrán ilé sì ya bí tuntun ṣe máa jìnnà sí àtijọ́ tó. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ògiri amọ̀, École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ nípa ohun àjogúnbá, wà l'Ájàṣẹ́ níbí, láti 1998.

Ibi tó kù yìí ló ṣe wá léṣe. Másọ̀n wa ní ká fi ilé ìdáná ti ògiri àtijọ́, ká fi dín ògiri kan kù, owó á dín, a gbà. Ó fi síménì rẹ́ ògiri amọ̀ náà. Òjò oṣù kẹfà dé, gbogbo omi orí páànù ń ya sí ẹsẹ̀ ògiri. Amọ̀ máa ń mí, omi tó bá gùn ún láti ilẹ̀ máa ń gbẹ jáde, síménì ló dí i lójú. Tẹ́ ẹ bá kan ògiri yẹn, á dún bí igbá òfìfo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, síménì tó fẹ̀ tó àwo ìyán já lulẹ̀, àwa àti amọ̀ tútù ń wo ara wa.

A wó ilé ìdáná náà. Èyí tá a tún kọ́, mítà mẹ́ta la fi jìnnà, ó dá dúró fúnra ẹ̀, ó kéré sí ilé ńlá, ẹni tó wà lójú títì ò sì rí i. Páànù ẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ síta, ọ̀pá gbé omi lọ sí gọ́tà. Oṣù Kejìlá la bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ lè gbẹ, ọwọ́ la fi gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọn ilé ńlá o. Ṣalángá, ẹ gbé e jìnnà sí ògiri àti kànga, kí ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ má fi èéfín kọjú sí fèrèsé onípákó. Ẹ má sì fi síménì da òdòdó òpó yẹn kọ sára ilé ìdáná, á kàn dà bíi àwàdà ni, ẹ rẹ́ ẹ ní pẹrẹsẹ kó mọ́.

Ìyá wa fẹ́ ká fi ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn sí i, ayàwòrán ilé ní rárá, ilé ńlá ló ni ín. Ó ṣì wà níbẹ̀, ìyá sì ń gbé apẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láràárọ̀, á pòṣé.