Bẹ́ ẹ ṣe lè gbé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn dé abúlé, kó sì dúró síbẹ̀

Ọdún mẹ́fà gbáko lèèyàn fi ń kàwé kó tó di dókítà ẹran lórílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì o. Tó bá jáde tán, ìgboro ló máa jókòó sí, ajá olówó àti adìẹ ẹlẹ́gbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ló máa máa tọ́jú, mi ò bá wọn wí, ibẹ̀ lowó wà. Ìyá tó ní àgbébọ̀ méje àti ewúrẹ́ mẹ́ta ní abúlé kan lẹ́yìn Ìgbò-Ọrà wá ńkọ́? Ta ló fẹ́ gun ọ̀kadà wákàtí kan ààbọ̀ torí adìẹ méje? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé dókítà ẹran, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ràn abúlé yín, ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ síbí: ẹ má dúró de dókítà. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́, nǹkan díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ, kó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Lúkúlúkú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí abúlé tí kò mọ̀ ọ́n: adìẹ á máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ á lọ́, kó tó dọjọ́ kẹta gbogbo àgò á ti ṣófo. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọyẹ́ ló ń gbé e wá, òótọ́ sì ni pé àsìkò ọyẹ́ ló máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni kẹ́ ẹ lọ kán oògùn àjẹsára rẹ̀ sójú adìẹ, kó tó di pé ọyẹ́ dé. Èmi ò mọ èyí nígbà àkọ́kọ́. Oṣù Kejìlá ni mo kó oògùn lọ sí abúlé kan, àìsàn ti wọ ilé méjì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè, mo kán an sójú gbogbo adìẹ tọ́wọ́ mi bà, ọjọ́ kẹrin adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àjẹsára máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́ lára adìẹ, àwọn tó kú yẹn ti kó àrùn kí n tó dé, ṣùgbọ́n ta lẹ máa rò fún? Màmá kan gbé àkùkọ rẹ̀ tó ti kú wá bá mi, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ mi, ó ní "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ọdún méjì ni mi ò lè dé abúlé yẹn. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò kankan, ẹ rìn yí abúlé ká, ẹ béèrè ojúlé sí ojúlé bóyá adìẹ kankan kú lọ́sẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ di ẹrù yín, ẹ padà sílé.

Ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́ ló kàn, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹ ó dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ (ẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ o), Baálẹ̀ á sì fa ọmọ ẹ̀ ọkùnrin lé yín lọ́wọ́, ó kàwé, ó gbọ́ òyìnbó, ara ẹ̀ yá, ẹ ó kọ́ ọ tán, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti wà l'Ékòó tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀, ẹ gba ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀bẹ̀ fún obìnrin méjì sí i. Àwọn obìnrin ló ni adìẹ, àwọn náà ló ni ọ̀pọ̀ ewúrẹ́. Ẹ wá èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí tó ń dín àkàrà, tí gbogbo èèyàn ń yà lọ́dọ̀ ẹ̀. Kò pọndandan kó mọ̀wé, tó bá ṣáà ti lè mọ nọ́ńbà àti ọjọ́ oṣù tí wọ́n kọ sára ìgò, ó ti tó.

Ẹ má fi wọ́n sí kíláàsì. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán sára ògiri lọ, tí tísà ń pariwo "pathogen" lórí àwọn ìyá tí oorun ń kùn. Ìdájí ni kẹ́ ẹ lọ, kí wọ́n tó ṣí àgò, torí tí adìẹ abúlé bá ti jáde, ó di ọ̀la nìyẹn. Ẹ má fi sí ọjọ́ ọjà, ọjà wọn a máa ná lọ́rọọrún, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kán an nìyí. Omi lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n kán an sórí èékánná ara wọn títí tí á fi máa já bọ́ ní ẹyọ kan, ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan gbá adìẹ mọ́ra, kó dá orí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ojú kan kọjú sókè. Kí ẹnì kejì dojú ìgò kọlẹ̀ tààrà, kó má fara kan ojú adìẹ, kó fún un díẹ̀, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ o! Ẹ dúró kó ṣẹ́jú. Tó bá ti ṣẹ́jú, ó ti wọlé nìyẹn. Tí ẹ̀kán náà bá ṣàn lọ sí ìyẹ́, ẹ tún un kán. Òròmọdìẹ àti àkùkọ ńlá, ẹ̀kán kan náà ni, àwọn ìyá máa bá yín jiyàn lórí èyí dáadáa, wọ́n á ní báwo ni tọmọdé ṣe máa bá tàgbà dọ́gba.

Oògùn tí mò ń sọ ni wọ́n ń pè ní I-2. Àwọn ará Ọsirélíà ló ṣe é torí adìẹ abúlé, torí pé ooru kì í tètè bà á jẹ́ bíi tàwọn tó kù. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é níbí. Pé ooru kì í tètè bà á jẹ́ ò sọ pé kẹ́ ẹ gbé e sínú oòrùn o, inú kúlà tó ní áìsì ni kó wà, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó, ẹ sè é kó hó, kó tutù. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí, ó máa pa oògùn náà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pò ó ni kẹ́ ẹ lò ó tán, ẹyọ ìgò kan sì máa ń tó ọ̀pọ̀ adìẹ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo abúlé ṣe é lọ́jọ́ kan náà.

Ti ewúrẹ́, ẹ má kánjú. Àrùn kata tó ń mú imú wọn ṣàn, tí ẹnu á dégbò, tí wọ́n á sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru títí wọ́n á fi kú, abẹ́rẹ́ ni tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré sì máa ń dáàbò bò wọ́n fún bí ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe oògùn náà lọ́dún 1975, orúkọ ẹ̀ gan-an ni Nigeria 75/1, gbogbo ayé sì fẹ́ fi pa àrùn náà rẹ́ kó tó di 2030. Síbẹ̀ oníṣẹ́ ìlera ẹran tó gbàwé-ẹ̀rí ni kó gún un, iṣẹ́ ìyá aláàkàrà ni kó kó ewúrẹ́ jọ, kó di wọ́n mú, kó sì kọ iye wọn sílẹ̀.

Ohun tẹ́ni tẹ́ ẹ kọ́ ò gbọdọ̀ ṣe ṣe pàtàkì bí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣe. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tí wọ́n máa ń tú sínú omi adìẹ, ẹ sọ fún wọn pé kò ran lúkúlúkú rárá, owó lásán ni. Ẹran tó dédé kú tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú àti nídìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kun ún, ká má ì tíì sọ jíjẹ, ẹ pe ọ́fíìsì ìjọba: 2023 ni anthrax, àrùn tó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀, yọjú ní ìpínlẹ̀ Niger, kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ajá tó bá sì gé èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, ẹ má gbé e lọ sílé alágbo, dìgbòlugi kì í gbẹ̀bẹ̀.

Tó bá jẹ́ gáà Fúlàní lẹ fẹ́ lọ, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Fúlàní dáadáa. Ẹ bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ màlúù, ẹ bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ wàrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti 1963 ni wọ́n ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà èèyàn láti Ìbàdàn lọ gbé ní Ìgbò-Ọrà, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń rí nínú ilé táláká. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìlọrin, gbogbo wọn ló ń kọ́ dókítà ẹran, ilé-ìwé ìlera ẹran sì wà ní Moor Plantation n'Íbàdàn. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ yín, ẹ ní kí oṣù kan nínú IT yín, ìyẹn àsìkò tẹ́ ẹ fi ń kọ́ṣẹ́ níta ilé-ìwé, jẹ́ ti abúlé, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ má máa wá láàárọ̀ kẹ́ ẹ padà lálẹ́.

Owó ńkọ́? Kí onílé san nǹkan táṣẹ́rẹ́ lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó kán an. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ṣe é. Ẹ dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, ohùn ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní èdè Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n náà máa ya fọ́tò ẹran tó ń ṣàìsàn ránṣẹ́ sí yín.

Agbára I-2 lára adìẹ kì í ju oṣù mẹ́rin lọ, ẹ gbọ́dọ̀ tún un kán. Kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà padà, ẹ mú èédú, kẹ́ ẹ ka oṣù mẹ́rin, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyá aláàkàrà, lápá ibi tí àwọn tó ń tò fún àkàrà máa ń dúró sí.