Bí Mo Ṣe Ń Fi Rédà Wọn Yìnyín Inú Ìkùukùu

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ máa ń béèrè bí mo ṣe ń mọ̀ pé òjò kan ní Texas yìí gbé yìnyín dání, ìṣirò tí mo ń fi àwòrán rédà ojú ọjọ́ ṣe ni, kì í ṣe awo.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí òtútù ti tó. Ní Fort Worth, wọ́n máa ń tú bàlúùnù tó ń wọn òtútù sókè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo gíga tó bọ́ sí 0°C, kẹ́ ẹ wo ti −10 àti −40 náà. Láti −10 dé −40 ni mo máa ń kà. Mi ò kì í ka ìtòsí 0: yìnyín tó ń yọ́ níbẹ̀ ti fomi bora, rédà á rí i bí ẹ̀kán omi ràgàjì, àwòrán á pọ́n. Irọ́ ni pupa yẹn ń pa. Ẹ ṣí àwòrán CC, èyí tó ń fi hàn bí àwọn ohun tí rédà rí ṣe jọra tó (1 ni pé wọ́n jọra pátápátá): òrùka tó já wálẹ̀ láti ìtòsí 1, ibẹ̀ ni yíyọ́ náà wà.

Ẹ wá mú dBZ, ìyẹn nọ́ńbà tí rédà fi ń sọ bí ìgbì tó padà wá ṣe lágbára tó, ẹ yí i padà sí Z, iye rẹ̀ gangan: 30 jẹ́ 1,000, 40 jẹ́ 10,000. Ẹ gbé Z sí agbára 4/7, ẹ fi 0.00607 sọ ọ́ di púpọ̀. Yìnyín gbígbẹ kì í dá ìgbì rédà padà tó omi, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni, rédà sì ń ka gbogbo ẹ̀ sí omi, 0.00607 ti tún ìyẹn ṣe. 30 dBZ á fún yín ní gíráàmù 0.31 nínú mítà onígun mẹ́ta kan, 40 á fún yín ní 1.17. Bí 40 bá nípọn tó kìlómítà kan, kìlógíráàmù 1.17 ló wà lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro ìpele kọ̀ọ̀kan pọ̀.

Èmi ò búra lórí iye náà o. Ṣé ó ń pọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ìyẹn ló jẹ mí lógún. Bí 40 dBZ bá ti dé ibi tó tutù tó −10, mànàmáná ò jìnnà. Bí 55 bá yọ lókè níbẹ̀, yìnyín ńlá lè já bọ́, ẹ fi ìṣirò sílẹ̀, ẹ lọ gbé ọkọ̀ yín sábẹ́ òrùlé.

Ẹ má mú òjò tó sún mọ́ rédà jù. Rédà ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí mo ń lò yìí (NEXRAD) kì í gbójú sókè kọjá 19.5°, nítorí náà ní kìlómítà 15 sí i, kò rí kọjá bíi kìlómítà 5 sókè. Ní 100, ìtànṣán rẹ̀ ti fẹ̀ ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ, á da ìpele pọ̀ mọ́ra. Láàárín 40 sí 80 ni mo fẹ́ràn jù.