Bí mo ṣe wá àna fún passion fruit mi

Ọdún méjì gbáko ni passion fruit aláwọ̀ ìyeyè tí mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wa ní Kubwa fi ń tanná láìso. Àjara méjì ni. Òdòdó rẹ̀ rẹwà débi pé àlejò a máa yà á ní fọ́tò, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ gbogbo rẹ̀ á ti rẹ̀ dànù. Mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ewé ló ń pọ̀ sí i.

Mo ní bóyá oyin ni kò wá. Mo mú igi òwú tí a fi ń ro etí, mo fi kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó àjara kìíní fún ti èkejì. Òdòdó bí ogún, ẹyọ kan ò dúró.

Nígbà tí mo bi ẹni tó tà á fún mi ni àṣírí tú: ara igi kan ṣoṣo ló ti gé ẹ̀ka méjèèjì. Ìyẹn ni pé igi kan náà ni mo gbìn lẹ́ẹ̀mejì! Passion fruit aláwọ̀ ìyeyè kì í sì í gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Gene kan (ohun àjogúnbá inú ara) wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní S, mo fi wé orílẹ̀ nínú oríkì. Oríṣiríṣi S ló wà. Igi gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Bí lẹ́búlẹ́bú bá balẹ̀, òdòdó á wo orílẹ̀ rẹ̀. Bó bá rí i pé ọmọ ilé ni, kò ní jẹ́ kó hù wọnú. Ọmọ ìyá kì í fẹ́ra. Ara tábà ni àwọn onímọ̀ méjì kan, East àti Mangelsdorf, ti ṣàlàyé irú ètò yìí lọ́dún 1925.

Màmá kan, ará Ìjẹ̀ṣà, ní àjara tirẹ̀ ní Gwarinpa, èyí tó hù láti inú èso tó rà lọ́jà. Òun náà ò so. Mo lọ bá wọn.

“Ẹ kú ilé o, Màmá. Òdòdó ni mo wá tọrọ.”

“Òdòdó? Ṣé o fẹ́ gbéyàwó ni?”

“Èmi kọ́, Màmá. Àjara mi ni.”

Ọ̀sán ni òdòdó yìí ń là, nítorí náà aago kan ni mo já mẹ́fà sínú rọ́bà onídèérí. Mo ti mú tèmi náà dání fún tiwọn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí n délé kí aago mẹ́ta tó lù. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ní ẹnu mẹ́ta lókè. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ wálẹ̀ ni kí ẹ fi lẹ́búlẹ́bú pa wọ́n. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá nà ró gangan, ẹ má dà á láàmú, kì í sábà so. Mo pa ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, torí kóró kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀. Bó bá kéré, èso á ṣófo nínú. Mo so òwú pupa mọ́ àwọn tí mo ṣe, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mọ́kànlá dúró. Àwọn mẹ́jọ tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì ni òjò pa kí wákàtí kan tó pé. Omi a máa bẹ́ lẹ́búlẹ́bú, gbogbo wọn ló já bọ́.

Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó pọ́n. Mo gbé mẹ́fà lọ fún Màmá, mo bá márùn-ún lára tiwọn. Mo gé ẹ̀ka kan bọ̀, ó ti ń ta gbòǹgbò láàárín tèmi méjèèjì báyìí.