Bí A Ṣe Ń Wá Ogun Èkó Ọdún 1851 Nínú Ìwé Ìròyìn Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo Èkó. Ìró àgbá yẹn làwọn ará Èkó fi sọ ogun náà lórúkọ: Àgídìǹgbì. Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1852, ó ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Bí a ṣe gbọ́ ọ nílé nìyẹn. Ẹni tó wà ní ìlú Swansea tàbí Exeter nílẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún ńkọ́, tí kò rí òkun wa rí láyé rẹ̀? Ìwé tó fi kà á ṣì wà, èèyàn sì lè kà á lórí fóònù lónìí. Bí mo ṣe ń wá a nìyí.

Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ sórí Welsh Newspapers Online, tó jẹ́ ti ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Wales. Ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ sì ni The Cambrian wà, ìwé ìròyìn Swansea tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní ọdún 1804. Trove ti Australia àti Papers Past ti New Zealand náà ò gba kọ́bọ̀, àwọn olóòtú ọ̀hún-ún sì máa ń da ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kọ tọkàntọkàn. British Newspaper Archive ló pọ̀ jù. Èèyàn lè wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú ewé ni wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kà láìsanwó. Ẹ fi í ṣe ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi wá a. Ibí yìí ló ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Tí ẹ bá kọ Èkó, òfo lẹ máa bá. Tí ẹ bá kọ Lagos nìkan, ẹ máa kó sí Portugal, torí ìlú kan ń jẹ́ Lagos níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ja ogun ojú omi ńlá kan nítòsí rẹ̀ lọ́dún 1759. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ti ka ìròyìn ogun kan dé ìdajì, inú mi ń dùn ṣìnkìn, kí n tó rí i pé àwọn Faransé ni wọ́n ń bá jà.

Orúkọ ọkọ̀ ló máa ń tètè mú un jáde. Òyìnbó lè kọ orúkọ Kòsọ́kọ́ ní ọ̀nà mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹ lo Bloodhound, Teazer, Penelope àti Sampson, kí ẹ sì so Lagos mọ́ ọn, torí Bloodhound nìkan á kó gbogbo ajá ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fún yín. Ẹ gbìyànjú Teaser pẹ̀lú. Ní ti ìlú, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn ni kí ẹ kọ ọ́: Abbeokuta fún Abẹ́òkúta, Whydah fún Ouidah, Jaboo fún Ìjẹ̀bú, Dahomy fún Dàhòmì. Kọ̀ǹpútà ló ka àwọn ojú ewé náà, kì í ṣe èèyàn, ó sì máa ń ṣì í kà níbi tí tádàwá bá ti ṣá. Tí ẹ bá lọ sẹ́yìn ọdún 1800, á tún burú sí i: s àtijọ́ gùn bí f, kọ̀ǹpútà á sì ka ship sí fhip.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wá kàn, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ má wá ogun oṣù Kejìlá nínú ìwé ìròyìn oṣù Kejìlá. Wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n fi ń tètè fi ìròyìn ránṣẹ́ ò dé Èkó títí di ọdún 1886. Ọkọ̀ alétò tó ń kó lẹ́tà lóṣooṣù, ti ilé iṣẹ́ tí Macgregor Laird dá sílẹ̀, ọdún 1852 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ogun ti parí. Ọkọ̀ ogun tàbí ọkọ̀ elépo pupa tó ń lọ sí Liverpool ló ní láti gbé ìròyìn náà, ọdún sì ti yí kí ó tó gúnlẹ̀. Ẹ wá a láti oṣù Kìíní 1852 títí dé oṣù Kẹrin.

Ẹ ṣọ́ra o, ogun méjì ló wà. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, Èkó lé wọn padà. Ó ṣeé ṣe kí ará Exeter ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà nípa ìfàsẹ́yìn yẹn nígbà tí ilé ti jóná tán l'Ékòó. Tí ẹ bá rí orúkọ Forbes gẹ́gẹ́ bí olórí, ti oṣù Kọkànlá ni. Tó bá jẹ́ Jones, ti oṣù Kejìlá ni.

Ẹ tún máa rí ult. àti inst. lára ọjọ́. Inst. ni oṣù tí a wà nínú rẹ̀, ult. ni oṣù tó kọjá. Nítorí náà, 26th ult. nínú lẹ́tà oṣù Kìíní jẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n ká ní oṣù Kìíní ni wọ́n kọ lẹ́tà náà nínú ọkọ̀, tí ìwé ìròyìn sì wá tẹ̀ ẹ́ ní oṣù Kejì láìyí nǹkan kan padà, ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà ni ult. náà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ ìwé ìròyìn. Ẹ wo òkè lẹ́tà kí ẹ tó ṣírò.

Tí ẹ bá ti rí i, tí ẹ ṣí ojú ewé náà, ẹ má retí rẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́. Ìpolówó ọjà ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Ẹ wo ìparí ìròyìn náà dáadáa, torí orúkọ ìwé ìròyìn mìíràn lè wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Olóòtú ìlú kékeré kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Èkó. Àlùmọ́gàjí ló fi gé e nínú ìwé ìròyìn London tàbí ti ìlú èbúté. Ẹ tọ orúkọ yẹn lọ, kí ẹ wo ibi tí òun náà ti mú un, títí tí ẹ ó fi kan ẹni tó wà níbẹ̀. Hampshire Telegraph ti Portsmouth dára fún èyí, torí ibẹ̀ lọ́pọ̀ ọkọ̀ ogun ń gúnlẹ̀ sí. Kí ẹ wá gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú kékeré, kí ẹ wo ohun tí àlùmọ́gàjí gé dànù. Èmi máa ń gbádùn ibẹ̀ ju ìròyìn náà fúnra rẹ̀ lọ.

London Gazette náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ìjọba ti máa ń tẹ ìròyìn tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun fi ránṣẹ́, ibẹ̀ sì ni àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké ti ń dà á kọ. Ẹ máa rí i pé orúkọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Ará Èkó tó kú ò ní orúkọ. Òwò ẹrú ni wọ́n máa ń tò síwájú gẹ́gẹ́ bí ìdí ogun, òwò epo pupa á sì wà lẹ́yìn. A ò sì ní ìwé ìròyìn tiwa tí a lè fi bi wọ́n léèrè, torí Ìwé Ìròhìn tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta kò jáde títí di oṣù Kejìlá 1859. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Èkó la máa gbé ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti gbà á. Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ gbìyànjú ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, ọjọ́ tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ Prometheus ni kí ẹ wá. Ẹ rántí so Lagos mọ́ ọn, kí wọ́n má baà kó ìtàn àwọn òrìṣà Gíríìkì jọ fún yín.