Ọ̀rọ̀ Tá A Fi Ń Tọrọ Kíndìnrín

Lóṣù tó kọjá, wọ́n kó nọ́ọ̀sì méjìlá jọ fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n kọ́ wọn bí a ti ń bá ẹbí olóògbé sọ̀rọ̀ kó tó gbà kí wọ́n fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tọrẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò tàbí ọmọ aláìsàn ló sábà ń fún un ní kíndìnrín. Ẹni tí kò bá ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Òfin ìlera ọdún 2014 tó ka títà àti ríra ẹ̀yà ara léèwọ̀ ò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Eré la fi ìyókù ọjọ́ náà ṣe: ẹnìkan á ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn mẹ́ta á ṣe ẹbí ọmọ tí mọ́tò gbá ní Tákíè.

Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yà ara ọmọ yín la fẹ́ gbà." Métírọ̀nù tó ń ṣe bàbá olóògbé fò dìde: "Ẹ̀yà ara kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fọmọ mi ṣoògùn owó ni?" Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n bá ti mú afiniṣoògùn la ti máa ń gbọ́ "ẹ̀yà ara" lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ sí wa létí. Mo nù ún kúrò lójú pátákó. A fẹnu kò pé ohun tá a bá ń tọrọ gan-an la ó máa dárúkọ: kíndìnrín, fún ẹnìkan tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹnìkejì ní, "Ẹ̀rọ ló ṣì mú un wà láàyè." Mo dá a dúró. Bí ọpọlọ bá kú tán, ẹ̀rọ ṣì lè máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ọkàn máa lù fúngbà díẹ̀, kí ọwọ́ òkú sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá wo ló máa di ọwọ́ yẹn mú, tó máa gbọ́ "láàyè", tó máa gbà? Mo ní kí wọ́n sọ pé: "Ó ti kú. Ẹ̀rọ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú." Mo mọ̀ pé a kì í la irú rẹ̀ mọ́ni lójú níbí, àmọ́ "ó ti sùn" ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí àyà ṣì ti ń gbéra sọ.

Mo ní lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó ti ẹbí náà, kí wọ́n dákẹ́. Ní Sípéènì, tó dá àjọ tó ń bójú tó fífi ẹ̀yà ara tọrẹ sílẹ̀ ní 1989, tó sì ti ṣíwájú ayé lọ́pọ̀ ọdún, wọn kì í pa ìròyìn ikú àti ẹ̀bẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó kéré jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà bi mí pé: "Àǹtí, wọ́n máa ń kọ àbíkú lára, tó bá padà wá, wọ́n á ní àpá rẹ̀ nìyí. Bí ẹbí bá ní ọmọ àwọn á tún ayé wá láìní kíndìnrín ńkọ́?"

Kí n tó dáhùn, Métírọ̀nù ní, "Má bá wọn jiyàn. Bi wọ́n pé irú ọmọ wo ni."

A tún eré náà ṣe bẹ́ẹ̀. Métírọ̀nù jókòó gẹ́gẹ́ bíi bàbá, ó sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń pọnmi fún gbogbo agboolé. Ó dákẹ́ títí. Ó wá gbójú sókè: "Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún un yẹn, ṣé òun náà bímọ?"